A kì í fi iná sórí òrùlé sùn

Bí ọyẹ́ bá ti mú, kò sí ilé tí kì í wá omi gbígbóná ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbàlagbà ń wá a nítorí egungun tó ń ro ó, ìyá ọlọ́mọ ń wá a fún ìkókó, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó háyà yàrá ní Under-G ń wá a kó tó lọ sí kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wa ti pa iná igi tì. Irin onímànàmáná tí à ń pè ní boiling ring ni a ń kì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n irin yìí kò mọ ìgbà tí omi hó, kò mọ ìgbà tí omi gbẹ, kì í sì í pa ara rẹ̀.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló dá kún ewu rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó ki ring bọ omi ní ìdájí, tí iná lọ, yóò fi omi tútù wẹ̀, yóò sì gba oko tàbí ọjà lọ láìyọ ọ́. Bí iná bá dé lọ́sàn-án tí kò sí ẹnìkankan nílé, omi yóò hó títí yóò fi gbẹ, irin yóò pọ́n, ike yóò yọ́, iná yóò sì ran ilé. Láti ayé NEPA títí IBEDC fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ PHCN lọ́dún 2013, ewu yìí kò kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, ẹ yọ ring kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ojú, imú àti ọwọ́ tó láti mọ ring tó ti bàjẹ́. Bí pílọ́ọ̀gì bá ń gbóná jù, tó ń dúdú, tàbí tó ń rùn bí ike tó ń jó, ẹ má lò ó mọ́. Bí irin rẹ̀ bá ti sán, tàbí tí wáyà rẹ̀ ti bó, ẹ jù ú nù. Bí omi bá ń ta yín lọ́wọ́ bí èèrà, iná ti ń jò sínú rẹ̀ nìyẹn; súwíìsì ni kí ẹ sáré pa. Ẹ má ṣe fi ìka tọ́ omi wò nígbà tí ring ṣì wà lórí iná. Ring tó jẹ́ 2,000 wáàtì ń fa iná tó tó ti gílóòbù 100 wáàtì mẹ́wàá lọ́nà méjì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé e.

Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi náà a máa fi owó ránṣẹ́ kí a ra water heater sí ilé ìwẹ̀ bàbá àti ìyá wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣẹ́ iná bóyá ó fa wáyà tó wọ ilẹ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí púlọ́ńbà dí fáàfù tó ń tú agbára omi gbígbóná dànù nítorí pé ó ń kán. Táńkì tí kò ríbi mí lè bú gbàmù. Omi tó gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè bó arúgbó lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Àjọ SON ló ń yẹ ọjà wò, NEMSA ló ń yẹ iná tí wọ́n fà sílé wò. À ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n má fi iṣẹ́ mọ sí Èkó àti Ìbàdàn nìkan; kí wọ́n dé orí àtẹ tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí àwọn onílé tó ń gba owó ayálégbé sì tún wáyà ilé wọn ṣe.

Ará Ọ̀yọ́ kò tíì gbàgbé iná tó jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ohun yòówù kó fa iná, ẹkún ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ring tó bá ń ṣe ségesège, ẹ jù ú nù lónìí. Owó tí a fi ń ra òmíràn kò tó owó ìsìnkú.