Kìnnìún Orí Ìdérí Ẹ́ńjìnì

Ẹ̀yin èwe Odòmẹ́ta, kìnnìún ti padà sórí ìdérí ẹ́ńjìnì Peugeot 403 tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ní ọdún 1858 ni Émile Peugeot forúkọ àmì náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ayùn ni ó wà fún nígbà náà: eyín líle bíi ti kìnnìún.

Ẹ má kánjú dá irin lu. Mo ta okùn láti àárín gíláàsì dé imú ọkọ̀, mo lẹ ègé ìwé mọ́ ibẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rìn jìnnà, mo sì wò ó. Ó wọ́! Okùn kò ṣìnà. Wọ́n ti lu ìdérí náà tún ṣe rí ni. Ojú ni mo gbà gbọ́. Ihò tí ẹ bá dá, ẹ fi ọ̀dà kun etí rẹ̀ kí ó má baà dípẹtà, ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ àmì, ẹ má sì fún nọ́ọ̀tì pa.

Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ yọ kìnnìún tó yọrí síta yìí kúrò, nítorí àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Èmi náà kò gbé e dé ọjà Kétu. Àgbàlá wa ni ó ń jókòó sí.