Ẹrù Orí Ọkọ̀ àti Afẹ́fẹ́

Ọkọ̀ tí ń ti Bọ́lọ́rundúró lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó a máa ru ẹrù gíga lórí. Ǹjẹ́ páànù tí a kàn sí òkè orí awakọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ré ẹrù kọjá, wúlò bí? Ó lè dín ìnáwó epo kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ ìṣubú ní kọ́nà. Bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ọkọ̀ dúró a di ìlọ́po 4. Nítorí náà, kí a kó ẹrù wúwo sí ìsàlẹ̀, kí a sì dín eré kù. Ó sàn kí ará ilé máa retí wa títí di alẹ́ ju kí wọ́n máa sunkún wa lọ.