Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Ta Ló Ni Ín, Olówó Tàbí Ìlú?



Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá délẹ̀ láàárín wa ní Òkè-Ògùn, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi béèrè pé kí ló dé tí Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn kò ní ẹgbẹ́ nínú líìgì àgbà, tí a fi ní láti gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ wo Shooting Stars ní Adámásingbà. Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a wá olówó kan tí yóò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wa. Èmi kò bá olówó jà. Ṣùgbọ́n kí a tó fi pápá ìlú lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó yẹ kí á bi í ní ìbéèrè kan: ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá sú ọ, tàbí tí ìlú mìíràn bá fi owó pè ọ́, ta ni yóò ni ẹgbẹ́ náà?

Ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà. Èrúwà ní Ìbàràpá, aládùúgbò wa, ní ẹgbẹ́ Femo Scorpions ní àwọn ọdún 1980. Peter Rufai, aṣọ́lé Super Eagles tí ó papòdà ní 2025, ṣọ́lé fún wọn rí. Lónìí, ìtàn lásán ni ẹgbẹ́ náà jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Èrúwà. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ Leventis dá Leventis United sílẹ̀. Wọ́n gba ife Challenge Cup ní 1984, wọ́n tún gbà á ní 1986, wọ́n sì gba líìgì ní ọdún 1986 kan náà. Ní 1985, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà kí Al Ahly ti Íjíbítì tó borí wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ògo wọ̀nyí tí ilé-iṣẹ́ náà fi tú ẹgbẹ́ ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Òun náà ti pòórá.

Kì í ṣe orí pápá ni a ti borí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Inú ọ́fíìsì ni a ti pa wọ́n.

Ní òkè òkun, wọn kì í tilẹ̀ tú ẹgbẹ́ ká, ńṣe ni wọ́n ń kó o lọ bí ẹni kó ọjà. Ní Kánádà, ìlú Quebec ní ẹgbẹ́ kan tí ń gbá họ́kì lórí yìnyín, Nordiques. Ní 1995, wọ́n tà á, ó sì di ti Denver ní Amẹ́ríkà. Ní 1996, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ náà gba ife Stanley. Denver ló jó, Quebec ló ń wò. Ní London, wọ́n gba àwọn tó ni Wimbledon láàyè ní 2002 láti kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Milton Keynes. Àwọn alátìlẹ́yìn kò jókòó sunkún. Wọ́n dá AFC Wimbledon sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì padà sí àdúgbò wọn ní Plough Lane ní 2020.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ẹni tó ń san owó ló ni àṣẹ. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ta ló ni pápá? Ta ló bí àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù? Ta ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nínú òjò? Ará Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé ẹni tó ra òwú kò gbọdọ̀ gbé aṣọ òfì lọ láìsan owó ahunṣọ.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ìjọba gbà á. Shooting Stars, tí ó jẹ́ ti ìjọba, kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá fún Nàìjíríà ní 1976, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e kúrò ní Ìbàdàn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àpò kan ṣoṣo náà ni, ìbáà jẹ́ ti ìjọba: bí àpò bá gbẹ, ẹgbẹ́ gbẹ.

Ọ̀nà kẹta wà. Ní Green Bay, ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú ló ni ìpín ìdókòwò nínú ẹgbẹ́ Packers láti 1923. Ìpín náà kì í mú èrè wá, ẹnì kan kò sì lè gbé ẹgbẹ́ lọ. Ní Jámánì, òfin líìgì fi ìdajì ìbò àti ìbò kan lé e sọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àfi ẹgbẹ́ díẹ̀ tí a yọ sílẹ̀.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa dúró lórí ohun mẹ́ta bí olówó kan bá dé. Èkíní, kí orúkọ, àwọ̀ aṣọ àti ìwé-àṣẹ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, kí olówó máa bójú tó ìnáwó. Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, àwọn ahunṣọ àti àwọn awakọ̀ ra ìpín níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀kẹta, kí olówó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun bá fẹ́ lọ, òun yóò sọ ọ́ ní ọdún kan ṣáájú, òun yóò sì san gbogbo owó oṣù tó bá jẹ.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀kẹta yìí, nítorí òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni agbábọ́ọ̀lù. Láti 2018, òfin FIFA ti sọ pé bí wọ́n bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, tí ó sì kọ̀wé fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa mélòó ló mọ èyí? Iṣẹ́ wa ni láti sọ fún wọn.

Olówó tó bá kọ̀ láti bu ọwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún wa. Ó sàn kí á máa wọ mọ́tò lọ sí Adámásingbà ju kí á sọ ọmọ tuntun ní orúkọ lónìí, kí wọ́n sì gbé e lọ lọ́la.