Kòǹgò Kọ́ ni A fi ń Wọn Aṣọ: Ẹjọ́ Ọtí Ápù Àwọn Faransé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́ ọtí wò, tí wọ́n sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ṣe dá ẹjọ́ ọtí ápù tí àwọn ará Faransé ń pè ní cidre. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Èkínní ni pé ó dùn jù, pé ọtí ọmọdé ni, pé kò lágbára. Èkejì ni pé ó ń rùn bí ilé ẹran. Nítorí ẹ̀sùn méjèèjì yìí, wọ́n á fún un ní máàkì díẹ̀, wọ́n á sì kọjá sí ìgò mìíràn. Ìdájọ́ èké ni. Ahọ́n wọn kò kú, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wáìnì àti ti bíà ni wọ́n mú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun mìíràn. Kò sí ìyá ọlọ́jà tí yóò fi kòǹgò gàrí wọn aṣọ, kí ó wá sọ pé aṣọ náà kò kún.

Kí ènìyàn tó dá ẹjọ́ ohun kan, ó yẹ kí ó mọ orírun rẹ̀. Ẹkùn Normandy àti Brittany, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni ọtí yìí ti gbilẹ̀ jù lọ. Ó ti pẹ́ níbẹ̀: ní 1588 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Julien Le Paulmier, ọmọ Normandy, gbé odindi ìwé jáde lórí wáìnì àti ọtí ápù. Àwọn ápù tí wọ́n fi ń ṣe é yàtọ̀ sí èyí tí ń dán lórí àtẹ, tí ọmọdé lè gé jẹ. Òmíràn dùn, òmíràn kan, òmíràn dùn ó sì tún korò, òmíràn sì korò pọ́nbélé. Bisquet, Bedan àti Frequin Rouge wà lára orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá gé èyí tí ó korò jẹ, ẹnu rẹ̀ á fún pọ̀ bí ẹnu ẹni tí ó jẹ kajú tí kò pọ́n. Ìkorò yìí gan-an ni òpó tí ó gbé ilé ọtí náà ró.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé adùn rẹ̀ jẹ́ àmì ìmẹ́lẹ́, kí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ó bí adùn náà. Nígbà tí òtútù bá ń wọlé bọ̀ ni ápù ń bọ́ láti orí igi. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á jẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó fún oje rẹ̀. Pectin, ohun tí ń mú kí jáàmù dì, wà nínú oje yìí. Bí iṣẹ́ bá lọ déédéé, pectin náà á dì pọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì le, afẹ́fẹ́ inú oje á gbé e léfòó, yóò sì bo orí oje bí fìlà. Chapeau brun ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni fìlà aláwọ̀ ilẹ̀. Fìlà yìí á gba púpọ̀ nínú oúnjẹ ìwúkàrà mọ́ ara rẹ̀. Oje mímọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á wá fà sínú àgbá mìíràn. Ìwúkàrà tí kò jẹun yó kò lè sáré. Oṣù púpọ̀ ni yóò fi máa rọra ṣiṣẹ́. Kí ó tó jẹ ṣúgà ápù tán ni wọ́n á ti rọ ọtí náà sínú ìgò, iṣẹ́ díẹ̀ tí ó kù níbẹ̀ ni yóò sì mú kí ó máa hó.

Níbo ni ìmẹ́lẹ́ wà nínú èyí? Ó rọrùn púpọ̀ láti jẹ́ kí ìwúkàrà jẹ ohun gbogbo tán, kí ọtí sì gbẹ. Láti dá a dúró lójú ọ̀nà láìfi ṣúgà ẹlòmíràn kún un ni ó gba ọgbọ́n. Nígbà tí Pays d'Auge ní Normandy àti Cornouaille ní Brittany gba ẹ̀tọ́ orúkọ ìlú wọn lórí ọtí yìí ní 1996, ara àdéhùn rẹ̀ ni pé inú ìgò ni híhó rẹ̀ yóò ti wá, a kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Òfin Faransé sì ti pín adùn sí ìpele. Ọtí inú doux kì í ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Ṣúgà brut kò tó gíráàmù 28 nínú lítà kan. Demi-sec wà láàrin wọn. Ẹni tí ó ra ìgò tí wọ́n kọ doux sí lára, tí ó wá ń ráhùn pé ó dùn, dà bí ẹni tí ó ra obì tí ó ń bínú pé kì í ṣe orógbó. Ẹgbẹ́ BJCP, tí ó ń kọ́ àwọn adájọ́ bíà ní Amẹ́ríkà, pàápàá ti ya àyè ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún un nínú ìlànà wọn ti 2004, wọ́n sì gbà pé adùn jẹ́ ti ẹ̀dá rẹ̀.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ẹmu tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ dùn. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ ni ó ń kan. Kò sí ọ̀mu tí ń pe ti àárọ̀ ní ẹmu ọmọdé. Nínú ìwé pẹ̀lú, irú ẹjọ́ yìí ti wáyé rí. Nígbà tí The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutuola, jáde ní 1952, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé fi gírámà Gẹ̀ẹ́sì ti ilé-ìwé wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó kùnà. Ní 1953 ni Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Ọmọ Le Havre ni Queneau, ní Normandy ilẹ̀ ọtí ápù, òǹkọ̀wé tí ó ti ń jà kí èdè Faransé ti ẹnu lè ráyè wọ inú ìwé. Ohun tí àwọn onígírámà pè ní àbùkù kò dí i lójú láti rí iṣẹ́ tí ó tó túmọ̀.

Ní ti òórùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa sọ kíkan líle inú ápù di kíkan tí ó tutù, irú èyí tí ó wà nínú wàrà tó kan. Àwọn kan nínú wọn, àti irú ìwúkàrà kan, a sì máa sọ ohun tí ó bá ìkorò rìn di òórùn awọ, ti èéfín àti ti ilé ẹṣin. Bí ó bá mọ níwọ̀n, ó ń fi ìjìnlẹ̀ kún adùn ni, bí irú ṣe ń ṣe nínú ọbẹ̀.

Àwọn alátakò yóò ní: ṣé gbogbo àlébù ni a ó wá máa pè ní àṣà? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé rárá. Bí òórùn ilé ẹṣin bá bo ti èso mọ́lẹ̀, ọtí náà ti bàjẹ́. Bí ó bá ń ta sánsán bí ọtí kíkan, ó ti bọ́. Bí ó bá dùn tí kò sí ìkorò tí ó dì í mú, omi ṣúgà ni, ibi yòówù kí ó ti wá. Òṣùwọ̀n wà, ó sì le. Kí adájọ́ mú ọtí náà tutù níwọ̀nba, kí ó má gan, nítorí òtútù púpọ̀ a máa pa òórùn. Kí ó wo àwọ̀ rẹ̀, láti wúrà dé àwọ̀ oyin dúdú. Kí ó wò ó bóyá híhó rẹ̀ kúnná. Kí ó wá béèrè bóyá adùn, ìkorò àti kíkan ń gbọ́ ara wọn yé, àti bóyá adùn ápù ṣì wà lẹ́nu lẹ́yìn tí ó gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn lọ. Ápù kíkorò kò ní ọjà mìíràn tó dà bí ti ọtí. Ẹnikẹ́ni kì í rà á jẹ. Bí àwọn adájọ́ bá ń fi ẹ̀bùn fún kìkì èyí tí ó gbẹ bíi wáìnì funfun, irú rẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò máa ṣe, nítorí ó ní ọmọ láti bọ́. Igi tí a kò bá sì rí ohun fi èso rẹ̀ ṣe mọ́, àáké ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀, igi ọlọ́dún púpọ̀ kò sì ṣeé gbìn padà ní òní-in lọ́la. Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Kí ó lọ dé ibẹ̀ ná, kí ó fi òṣùwọ̀n oko náà wọn èso rẹ̀, kí ó tó la ẹnu dá ẹjọ́.