Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Èsì fún Àwọn Tí Ó Gbà Pé Oyè Yunifásítì Nìkan Ló Ń Bọ́ Ènìyàn

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀dẹ Màpó Arógun, ẹ̀yin ọmọ Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, èrò kan wà tí ó ti pẹ́ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè mọ́ ibi tí ó ti wá: pé ọmọ tí ó gba oyè ní yunifásítì nìkan ni ó kàwé, pé ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tàbí tí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gba ìwé-ẹ̀rí jẹ́ ẹni tí ìdánwò JAMB gbọ̀n dànù, àti pé bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbi tí a ti ń wá iṣẹ́, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò jókòó sídìí oúnjẹ, èkejì yóò sì máa wòran. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ ọ̀pọ̀ òbí nínú, ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí èrò yìí ti kú, Ẹ̀dẹ ni. Láti ọdún 1992 ni ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Yunifásítì Adeleke dé ní 2011, tí ti Redeemer's sì ṣí wá láti ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àgbà ni Pólì Ẹ̀dẹ jẹ́ fún àwọn méjèèjì, àfi pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. A kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni: Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì tí ó gorí ìtẹ́ ní 1946 tí ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975, ọba tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù títí òkìkí rẹ̀ fi kan ilẹ̀ òyìnbó, iṣẹ́ apoògùn ni ó kọ́ kí adé tó kàn án, ní ìgbà tí kò sí yunifásítì kan ṣoṣo ní gbogbo Nàìjíríà. Ta ni yóò dìde ní Ẹ̀dẹ lónìí láti wí pé Tìmì Láoyè kò kàwé?

Kì í ṣe pé àwọn baba wa gọ̀ tí wọ́n fi gba èrò náà gbọ́. Ní Yábàá, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ọdún kan kí yunifásítì Ìbàdàn tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba oyè ní Ìbàdàn ni wọ́n bọ́ sórí àga tí òyìnbó amúnisìn dìde kúrò, tí wọ́n gba ilé ní GRA, tí ìjọba sì yá wọn lówó ra ọkọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Ashby lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà jábọ̀ ní 1960, wọ́n ti rí i pé iyì tí àwa ará ilẹ̀ yìí fi fún oyè àti ìwé kíkà ti bo iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1962, yunifásítì márùn-ún péré ni a ní, ìjọba sì ń wá ènìyàn lójú méjèèjì. Lónìí wọ́n ti lé ní 200, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ìgbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n pè ní SAP ti dé ní 1986, ọ́fíìsì ìjọba kò lè gba gbogbo ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nígbà ayé bàbá-bàbá wa ni a ń fi owó ilẹ̀ àti owó kòkó rà fún àwọn ọmọ wa lẹ́yìn tí ìgbà rẹ̀ ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ ẹni tí ń sanwó. Ẹni tí ń kọ́lé ní Èkó máa ń ránṣẹ́ sí Kútọnu àti Lòmé láti wá ẹni tí yóò lẹ táìsì tí kò ní wọ́, tí yóò ṣe POP tí kò ní já lulẹ̀. Kò bi wọ́n ní oyè. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sílé ẹlòmíràn ni ó lọ wò. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí jẹnẹrétọ̀ sì di ẹrù ńlá, ẹni tí ó mọ bí a ti ń so sólà pọ̀ mọ́ bátìrì kí ó má jó ilé, wọ́n ń pè é láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èyí ni àǹfààní ọdún kan tí ọmọ Pólì fi ń ṣiṣẹ́ níta láàárín ND àti HND: kí ó tó gba ìwé kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti kan irin. Ní Jámánì, láti 2013 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé-ẹ̀rí ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní Meister, àti oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì wà ní ìpele kan náà.

Alátakò mi yóò wá fèsì pé ìpele 14 ni ẹni tí ó ní HND ń dúró sí nínú iṣẹ́ ìjọba, tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí ó ní oyè yóò sì máa gùnkè lọ. Òtítọ́ ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti rí agbára. Ṣùgbọ́n ògiri tí ìjọba fi ọwọ́ mọ ni ìyẹn, ọjà kọ́ ni ó mọ ọ́n. Ìjọba yìí kan náà ni ó ń wọ aṣọ kákí NYSC kan náà fún àwọn méjèèjì, tí ó sì ń san iye owó kan náà fún wọn fún ọdún kan gbáko, kí ó tó yípadà ní ọjọ́ tí wọ́n bọ́ kákí sílẹ̀ láti sọ fún wọn pé wọn kò dọ́gba. JAMB pẹ̀lú, ní 2024, fi máàkì 140 ṣe òdiwọ̀n yunifásítì, ó fi 100 ṣe ti gbogboǹṣe. Ta ni yóò wá dá òbí lẹ́bi pé ó ka ìyẹn sí ìdájọ́?

N kò sọ pé kí ẹni tí yóò ṣe dókítà tàbí lọ́yà má lọ sí yunifásítì. N kò sì sọ pé ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ àwúre: bí ilé-iṣẹ́ ńlá bí Machine Tools àti ilé-iṣẹ́ irin ní Òṣogbo kò bá ṣiṣẹ́ bí a ti dá wọn sílẹ̀ láti ṣe, apá kan nínú àwọn tí ó yẹ kí ó gba ọmọ wa ni ó ti dákẹ́ yẹn. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ wa pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Ọmọ iṣẹ́ yóò sìn wọ́n fún ọdún púpọ̀, wọn yóò ṣe fírídọ̀mù fún un, wọn yóò pa ewúrẹ́, wọn yóò jó, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì ni wọn yóò sì nà lé e lọ́wọ́, dípò kí wọ́n rán an lọ ṣe Trade Test tàbí ìdánwò NABTEB, èyí tí ilé-iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀gá rẹ̀ rí yóò gbà.

Ní 2021, àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí àbá òfin tí yóò fòpin sí ìyàtọ̀ HND àti oyè. Àbá ni ó ṣì jẹ́ nígbà tí ìjọba Buhari kógbá sílé ní 2023. Àwọn olóṣèlú yóò tún wá sí Ẹ̀dẹ pẹ̀lú dùndún àti àpò ìrẹsì. Kí ẹ tó gba ìrẹsì náà, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ ìpele 14, kí ẹ sì ní kí onílù dúró ná títí wọn yóò fi dáhùn.