Olùkọ́ Tó Fẹ̀yìn Tì Tó Tún Padà Mú Ṣọ́ọ̀kì: Ṣé Owó Méjì Tó Ń Gbà Bófin Mu?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ ní Ìlobù wa níbí ni, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìfọ́n náà. Wọ́n ní olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjọba ń san pẹ́ńṣàn fún lóṣooṣù, tó wá tún padà sí kíláàsì tó ń gba owó mìíràn, wọ́n ní ọwọ́ méjèèjì ló fi ń jẹun, wọ́n ní kò bófin mu.

Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń bá wí. Ìṣirò ni Bàbá yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ilé-ìwé girama kan kò ní olùkọ́ ìṣirò mọ́, àwọn òbí lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, wọ́n sì ń dá owó jọ fún un lóṣù lóṣù. Kò tíì ṣe sáà méjì tán tí ẹnì kan fi lọ sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dé Abéré, wọn yóò gé pẹ́ńṣàn rẹ̀. Jìnnìjìnnì bo Bàbá. Ó ní òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí oṣù tó parí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì ìkẹyìn ń múra WAEC lọ́wọ́. Ta ni yóò parí ìwé náà fún wọn? Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a jọ wo ohun tí òfin wí gan-an.

Nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹ̀yìn ìwé níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé, ìlànà ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, nínú Àfikún Karùn-ún. Ìpínrọ̀ kẹrin rẹ̀ sọ pé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì ń gba pẹ́ńṣàn láti inú owó ìlú, kò gbọdọ̀ gba ju ipò olówó kan ṣoṣo lọ ní iléeṣẹ́ tàbí àjọ tó jẹ́ ti ìjọba. Ó fi kún un pé lẹ́yìn pẹ́ńṣàn rẹ̀ àti owó ipò kan yẹn, kò gbọdọ̀ gba owó mìíràn nínú àpò ìlú. Ẹ tún un kà o. Òfin kò ní kí ó má gbà rárá. Ọ̀kan ni ó ní kí ó mọ. Ẹni tó ń gba pẹ́ńṣàn tó tún wá jókòó sórí àga ìjọba méjì, òun ni òfin ń bá wí. Ti Bàbá tiwa yìí kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí owó tí àwọn òbí dá jọ kì í ṣe owó ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà sì ni owó tí ilé-ìwé aládàáni bá san.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí n fi àjọ ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Bí ẹ bá dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ látọdún dé ọdún, tí ẹ wá ṣí ìsọ̀ kejì, ṣé alájọ lè ní torí ìsọ̀ kejì yín, òun kò ní kó owó yín fún yín? Bí ètò pẹ́ńṣàn tí òfin ọdún 2004 gbé kalẹ̀, tí òfin ọdún 2014 sì rọ́pò, ṣe rí nìyẹn. Nínú 100 náírà owó oṣù tí a fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò fi 8 sílẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò fi 10 kún un, gbogbo rẹ̀ yóò sì wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Àwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́ kò dá àjọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Abala 210 nínú ìwé òfin kan náà sì sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó fẹ̀yìn tì dúró, tàbí kí a dín in kù, àfi bí òfin kan bá fàyè gbà á.

Ká sòótọ́, àwọn tó yẹ kí a máa tọ́ka sí wà. Àwọn gómìnà àná wà tí ìpínlẹ̀ wọn ń san pẹ́ńṣàn ọ̀wọ̀ fún, tí wọ́n tún di sẹ́nétọ̀ tàbí mínísítà. Ẹgbẹ́ SERAP gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 sì ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ pé kí ìjọba gba owó náà padà lọ́wọ́ wọn. Kí a fi irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí a wá máa yọ́ tẹ̀lé olùkọ́ ìṣirò! Ṣé a ti gbàgbé ọdún 2015 ni, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í san àbọ̀ owó fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún? Lẹ́yìn irú ìyẹn, ta ni yóò rí iṣẹ́ tí kò ní lọ ṣe é?

Síbẹ̀, ẹ̀hónú kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìyá kan tó ń ta ata ló sọ ọ́ fún mi lọ́jà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ máa gbèjà àwọn bàbá yín. Ọmọ tèmi gba NCE, ọ̀kadà ló ń gùn lọ sí Òṣogbo. Àwọn tó ti jẹun yó ló tún ń padà sídìí àwo." Mo ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ." Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kò rí iṣẹ́ gbà títí di òní. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ní oṣù kẹrin ọdún 2022 pé kí olùkọ́ máa ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí kí ó lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, dípò 60 àti 35 ti àtẹ̀yìnwá, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi Bàbá kọ́ ni pé ìjọba kò gba ènìyàn síṣẹ́. Bí ó bá lọ sílé lọ́la, ọmọ Ìyá aláta kọ́ ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Àga náà yóò kàn ṣófo ni.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ní Gánà wù mí. Ìwé òfin wọn ti ọdún 1992 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 60, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá fẹ́ ẹ, wọ́n lè gbà á padà fún ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ọdún márùn-ún lọ. Àgbà kò sọnù, ọ̀dọ́ sì mọ ọjọ́ tí ipò yóò ṣí sílẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le díẹ̀: olùkọ́ tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́ níbẹ̀, bí owó iṣẹ́ tuntun àti pẹ́ńṣàn rẹ̀ bá ju owó oṣù tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ, wọn yóò gé pẹ́ńṣàn náà. Bóyá ibẹ̀ ni ẹni tó dẹ́rù ba Bàbá ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ padà, ẹ gba ìwé o. Kí ìwé náà sọ ẹni tí yóò san owó, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Bí ó bá jẹ́ ìjọba ló gbà yín, kọ́ńtíráàtì ni yóò jẹ́, kò ní pẹ́ńṣàn tirẹ̀ nínú, nítorí náà ẹ má rò pé yóò fi kún ọdún iṣẹ́ yín. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń san pẹ́ńṣàn yín kí ẹ tó buwọ́ lùwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti Bàbá, mo ti ka ìpínrọ̀ náà sí i létí, ó sì ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé fún òun. Ìpàdé àwọn òbí ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú wọn ni pé kí Bàbá dúró títí àwọn ọmọ yóò fi ṣe WAEC tán, kí wọ́n sì wá ọ̀dọ́ kan tó kọ́ ìṣirò kí ó máa jókòó tì í nínú kíláàsì, kí wọ́n máa fún òun náà ní owó díẹ̀. Mo ti ní kí Ìyá aláta sọ fún ọmọ rẹ̀ kí ó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá.