Ẹ Ka Ìwé Náà Dópin

Ẹ̀yin ọkùnrin inú ọgbà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí saikọ́lọ́jì sinmi. Bí ọmọge kan bá ti lóun ò ṣe, kíá lẹ máa sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, owó nìkan lobìnrin ń wò. Ọ̀rọ̀ yìí ti di òwe ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ti di òwe ní búkà. Ẹ gbọ́ ná, mélòó nínú yín ló ka ìwé ọ̀hún tán?

Ẹni tí ẹ máa ń tọ́ka sí ni David Buss, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1989 ló tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bi èèyàn tó lé ní 10,000 léèrè ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀, nípa irú ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ́ fẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn obìnrin ka owó tó ń wọlé sí ju bí ọkùnrin ṣe kà á sí lọ. Òótọ́ sì ni pé àwọn ọkùnrin ka ẹwà sí ju tobìnrin lọ. Ẹ kì í dárúkọ ìyẹn, àbí? Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n to ohun tí wọ́n ń fẹ́ tẹ̀léra, tọkùnrin tobìnrin ló fi onínúure tó ń gba tẹni rò, tí ọpọlọ rẹ̀ sì pé, ṣáájú owó àti ẹwà. Ibi tí ẹ ti pa ìwé dé nìyẹn o.

Lọ́dún 1999, Alice Eagly àti Wendy Wood tún ìṣirò Buss yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé níbi tí ipò obìnrin àti tọkùnrin bá ti sún mọ́ra láwùjọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lórí ọ̀rọ̀ owó máa ń dín kù. Kí nìyẹn ń sọ fún wa? Ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́, kò ní ṣàì wo ọwọ́ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ẹ má pe àìní ní ìwà.

Ó tún kù. Lọ́dún 2008, Paul Eastwick àti Eli Finkel tẹ ìwádìí tí wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe jáde. Kálukú kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó ń fẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n lágbárí wọn ń fẹ́ kò sọ ẹni tọ́kàn wọn padà fà sí. Ẹnu sọ tiẹ̀, ọkàn ṣe tiẹ̀.

Mi ò purọ́: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn kan wà láàárín wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó jẹ́ àpò ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ló yá yín lówó fọ́tòkọ́pì nígbà tílé ò tíì fowó ránṣẹ́? Ṣé kì í ṣe obìnrin náà ni?

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ẹni tó bá gbà pé owó nìkan ni ìfẹ́, kò ní pẹ́ tó máa fi jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru, tí yóò máa fi Yahoo wá owó tó fẹ́ẹ́ fi ra ọkàn ẹlòmíì. Irọ́ kékeré yìí ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà.

Bó bá lóun ò ṣe, ó lè jẹ́ pé ẹ ò wù ú ni. Kò burú, kò pa èèyàn. Ẹ lọ ka ìwé náà dópin. Bí ẹ bá sì kà á tán, ẹ padà lọ bẹ ọmọge tí ẹ pè ní olójúkòkòrò.